Kóòtà kún, fódà ò kún: bá a ṣe rí ẹrù 11.4 GB tó wà lọ́rùn ẹni tí kò ni ín

Àárọ̀ Mọ́ńdè ni, aago mẹ́jọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, fóònù mi dún. Àbúrò kan tó ń ṣe máásítà ní dìpátímẹ́ǹtì tí mò ń bá wọn tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń kó iṣẹ́ sí, ló ń pè. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò lè sèéfù nǹkan kan láti alẹ́ àná, gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ kọ ló ń sọ pé Disk quota exceeded, mo ti pa fáìlì bíi mélòó kan rẹ́, síbẹ̀ kò gbà." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé á jẹ́ dátà kan tó kó síbì kan tó sì gbàgbé ni, kó wá a dáadáa. Ló bá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Sà, chapter three mi ti di òfìfo. Mo ṣí i, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ mọ́."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà fún mi. Ẹni tí àyè tán fún lè ní sùúrù di ọ̀sán, àmọ́ ẹni tí iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ẹ̀ di zero byte, kí leèyàn fẹ́ sọ fún un? Mo gbé lápútọ́ọ̀pù, mo wọ sáfà, ohun tó sì tẹ̀ lé e gbà mí ní wákàtí mẹ́ta tó yẹ kó gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fẹ́ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe lọ, títí kan ibi tí mo ti ṣìnà, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń bá iléèwé àti ọ́fíìsì tọ́jú Linux la ṣì máa kó sáfà láti ibì kan lọ síbòmíì, ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni wàhálà yìí ń dúró sí.

Bí ilé ṣe rí nìyí. Sáfà àtijọ́ wà nínú ọ́fíìsì dìpátímẹ́ǹtì, iná tí wọ́n ń mú tí wọ́n ń dá padà ti ba power supply ẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ni wọ́n bá ní ká kó gbogbo nǹkan lọ sórí VPS, ìyẹn sáfà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tá a rẹ́ǹtì. Ubuntu 22.04 ni mo fi sí i, /home, ìyẹn ibi tí fódà àwọn èèyàn wà, dá dúró lórí dísíìkì tiẹ̀, ext4, 500 GB, àkáǹtì 43. Kóòtà, ìyẹn ààlà àyè àti iye fáìlì téèyàn lè lò, tí mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni soft 10 GB, hard 12 GB, àti fún iye fáìlì, soft 40,000, hard 50,000. Nínú fstab, ìyẹn fáìlì tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa ṣí dísíìkì kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà /home, usrjquota=aquota.user,jqfmt=vfsv1 ni mo kọ. Láti Fúráìdè la ti ń fi rsync, ètò tó ń da fáìlì kọ láti ẹ̀rọ kan sí òmíì, kó ẹrù, a ṣílẹ̀kùn fún àwọn èèyàn ní Sátidé kí iṣẹ́ wọn má bàa dúró, mo wá fi fódà archive tí ẹrù àtijọ́ wà ṣe àkẹ́yìn ní ọ̀sán Sọ́ńdè, torí kò sẹ́ni tó ń kánjú wò ó. Ẹ rántí Sọ́ńdè yẹn o, a máa padà síbẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì bá kóòtà pàdé rí: soft ni ààlà tó o lè kọjá fúngbà díẹ̀. Tó o bá ti kọjá ẹ̀, aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà nìyẹn, ọjọ́ 7 ló máa ń jẹ́ bí ádímínì ò bá yí i padà, tí ọjọ́ bá wá pé tó ò tíì padà sísàlẹ̀, soft fúnra ẹ̀ á di ògiri, o ò ní lè kọ nǹkan kan mọ́ bó tiẹ̀ jẹ́ pé o ò tíì dé hard. Hard ni ògiri gangan, kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀, bó o bá ti kàn án, kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra ẹ̀, á dá ẹ padà lójú ẹsẹ̀. Nǹkan yìí ti pẹ́ o, Robert Elz ní Yunifásítì Melbourne ní Ọsirélíà ló ṣe é, ó sì wọ inú 4.2BSD lọ́dún 1983, nígbà táwọn ọmọ iléèwé rẹpẹtẹ ń pín dísíìkì kékeré kan lò. Èrò wọn nígbà yẹn ni pé kéèyàn lè kọjá soft nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kó sì gbálẹ̀ kó tó lọ, tó bá wá ń wọlé tó ń jáde lọ́pọ̀ ìgbà tí kò gbálẹ̀, wọ́n á sọ soft ẹ̀ di hard. Mo fẹ́ràn èrò yẹn gan-an, ó fi hàn pé ẹni tó ṣe é mọ bí ọmọ iléèwé ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ wò ni df -h /home, tó ń fi bí dísíìkì ṣe kún tó hàn, torí ohun tọ́wọ́ mi ti mọ́ nìyẹn. Dísíìkì ò tíì lo ìdajì. Mo wo df -i, inode, ìyẹn àyè fún iye fáìlì, pọ̀ bí omi. Ó yẹ kí n má tiẹ̀ wo ibẹ̀ rárá ká sòótọ́, torí ohun tí ẹ̀rọ sọ fún ọmọ yẹn yàtọ̀: tó bá jẹ́ pé dísíìkì ló kún, No space left on device ló máa sọ, gbogbo èèyàn ló sì máa kàn. Disk quota exceeded túmọ̀ sí pé àyè wà, àmọ́ ìwọ nìkan ni kò kàn mọ́. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn jọra létí àwọn tó ń lo ẹ̀rọ, tí wọ́n bá wá pè yín, "àyè ti tán" ni wọ́n máa sọ, torí náà ẹ ní kí wọ́n ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún yín lẹ́tà lẹ́tà.

Mo wá wo kóòtà ẹ̀. Orúkọ àkáǹtì ẹ̀ ni màá pè ní pg31.

repquota -u /home | grep pg31
pg31 +- 14365492 10485760 12582912 6days 8112 40000 50000

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye tó ti lò, KB ni wọ́n fi ń kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13.7 GB. Èkejì ni soft, ẹ̀kẹta ni hard. Àmì + tó wà níwájú ń sọ pé ó ti kọjá lórí àyè, àmì - tó tẹ̀ lé e ń sọ pé iye fáìlì ẹ̀ ṣì dáa, 8112 péré. Ọjọ́ 6 ló kù nínú ọjọ́ 7 ẹ̀.

Ìdáhùn wà lójú mi níbẹ̀ yẹn, mi ò rí i. Ẹ tún wo nọ́ńbà àkọ́kọ́ àti ẹ̀kẹta kẹ́ ẹ tó máa bá mi lọ.

Mo ṣe du -sh /home/pg31, tó ń ka iye àyè tí fódà gbà. 2.3 GB. Mo tún un ṣe, 2.3 GB náà ni. Mo wo àwọn fódà tó ń fi dọ́ọ̀tì bẹ̀rẹ̀, mo wo .cache, mo wo .local/share/Trash torí ibẹ̀ ni ohun tí àwọn èèyàn rò pé àwọn ti pa rẹ́ máa ń sá pamọ́ sí, kò sí nǹkan kan. du ń sọ 2.3, kóòtà ń sọ 13.7, ìyàtọ̀ àárín wọn ju 11 GB lọ. Ọmọ yẹn ṣì wà lórí fóònù, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni fáìlì tí wọ́n ti pa rẹ́ àmọ́ tí ètò kan ṣì ṣí sílẹ̀. Bí Linux ṣe ń ṣe é ni pé tó o bá pa fáìlì rẹ́ nígbà tí ètò kan ṣì dì í mú, orúkọ ẹ̀ nìkan ló lọ, àyè ẹ̀ ò ní padà wá àfi tí ètò yẹn bá jọ̀wọ́ ẹ̀, du ò sì ní rí i torí orúkọ ni du ń tẹ̀ lé. Kọ́máàǹdì tó ń fi irú ẹ̀ hàn ni lsof +L1. Mo ṣe é, kò sí ìkankan tó jẹ́ ti pg31. Mo ní kó jáde pátápátá kó tún wọlé, kò yí padà.

Ibi tí mo ti wá ṣìnà gan-an nìyí. Mo sọ fún ara mi pé ìwé tí kóòtà ń kọ ìṣirò ẹ̀ sí, ìyẹn aquota.user, ló ti ṣe àṣìṣe, pé rsync tá a fi kó ẹrù láti Fúráìdè ti da ìṣirò rú. Èyí tó rọrùn láti gbà gbọ́ ni, torí ó ń gbé ẹ̀bi kúrò lọ́rùn mi gbé e sọ́rùn ẹ̀rọ. Àtún kà sì wà fún un, quotacheck ni, àmọ́ kò dáa kéèyàn ṣe quotacheck nígbà tí àwọn èèyàn ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ìṣirò tó máa bá jáde á yàtọ̀ sí òótọ́. Torí náà mo fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó wà lórí sáfà, àwọn mọ́kàndínlógún láàárọ̀ Mọ́ńdè, pé kí wọ́n jáde, mo dúró dè wọ́n, mo pa kóòtà, mo ní kó kà á látìbẹ̀rẹ̀.

quotaoff -u /home
quotacheck -uvm /home
quotaon -uv /home

Ogójì ìṣẹ́jú lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìdúró. Tó fi parí, 14365492. Nọ́ńbà kan ò yí padà.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Mo ti tún gbogbo fáìlì tó wà lórí dísíìkì yẹn kà lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kan náà ló fún mi, a jẹ́ pé kóòtà ò parọ́. Bí kóòtà ò bá parọ́, tí du náà ò sì parọ́, a jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń kà kì í ṣe nǹkan kan náà. Ìgbà yẹn ni ojú mi wá bọ́ sórí nọ́ńbà ẹ̀kẹta: 12582912. Hard ẹ̀ ni 12 GB, ó sì wà ní 13.7. Báwo lèèyàn ṣe wọ inú ògiri kọjá sí òdìkejì? Ọmọ yẹn ò lè fọwọ́ ara ẹ̀ kọjá hard, kernel ò ní gbà fún un, kò sí fáìlì ńlá kan tó lè gbàgbé tó máa gbé e débẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí kernel kì í dá dúró lẹ́nu hard ni root, ìyẹn àkáǹtì ádímínì. Ẹni tó bá ní agbára CAP_SYS_RESOURCE, kóòtà máa ń ka ohun tó ṣe, àmọ́ kì í dá a dúró. Root ló gbé ẹrù yẹn ka orí ọmọ yẹn, èmi sì ni root.

Bọ́rọ̀ ṣe wá yé mi nìyẹn. du ń ka fódà. Kóòtà ò mọ fódà rárá, ẹni tó ni fáìlì ló ń kà, níbikíbi tí fáìlì ẹ̀ bá wà lórí dísíìkì yẹn. Ẹ lè ní fáìlì nínú fódà ẹlòmíì, kó máa ka sí yín lọ́rùn, kẹ́ ẹ má sì mọ̀ láyé.

Mo wá béèrè ìbéèrè tó yẹ kí n ti béèrè láti aago mẹ́jọ.

find /home -xdev -user pg31 ! -path '/home/pg31/*' -printf '%k %p\n' | less

Ojú ẹ̀rọ kún. Gbogbo ẹ̀ wà nínú /home/archive, nínú fódà olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì kí n tó bá wọn ṣiṣẹ́ rárá. Mo fi awk ro iye ẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 11.4 GB, tí mo bá fi 2.3 ti ọmọ yẹn kún un, 13.7 ló pé rẹ́gí. Mo ṣe ls -l níbẹ̀, orúkọ pg31 ló wà lórí gbogbo fáìlì bàbá yẹn. Mo ṣe ls -ln kó fi nọ́ńbà hàn mí dípò orúkọ, 1031.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Linux kì í kọ orúkọ yín sára fáìlì, nọ́ńbà yín ló ń kọ, UID. Orúkọ tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú ls, inú /etc/passwd ló ti ń yà á wá. Nígbà tí mò ń ṣe àkáǹtì sórí sáfà tuntun, mo to orúkọ àwọn èèyàn sínú fáìlì kan, mo fi loop kékeré kan ṣe useradd fún wọn bí wọ́n ṣe tò, nọ́ńbà 1001, 1002, títí lọ, mi ò bìkítà nípa nọ́ńbà tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Rsync kì í sì í fi ọ̀rọ̀ yìí dààmú èèyàn, tẹ́ ẹ bá fi root ṣe rsync -a, orúkọ ló máa ń wá lọ́hùn-ún, bí ọmọ kan bá jẹ́ 1017 níbí tó sì jẹ́ 1022 níbẹ̀, rsync á rí orúkọ ẹ̀, á sì yí nọ́ńbà padà fún un. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àwọn tó kù fi bọ́ sí i láìsí ìṣòro. Àmọ́ tí orúkọ yẹn ò bá sí lọ́hùn-ún, rsync á kàn lo nọ́ńbà àtijọ́ bó ṣe wà. Olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ò sí nínú lísìtì mi, kí ló fẹ́ wá ṣe níbẹ̀, nọ́ńbà ẹ̀ lórí sáfà àtijọ́ sì ni 1031. Ọmọ tó wà ní ipò kọkànlélọ́gbọ̀n nínú lísìtì gba 1031. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè tí rsync gbé archive wọlé, àkáǹtì ẹ̀ kún bámú, ní alẹ́ Sọ́ńdè ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí Disk quota exceeded.

Ó sì tún ṣàlàyé ìdí tí pípa tó ń pa fáìlì rẹ́ ò fi ràn án lọ́wọ́. Ó fi nǹkan bíi 1.7 GB kọjá hard, ó fẹ́ẹ̀ pa 300 MB rẹ́ láti alẹ́ àná, ṣe ló ṣì wà lókè ògiri. Ọ̀rọ̀ chapter three náà nìyẹn. Nígbà tí editor bá fẹ́ sèéfù, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń sọ fáìlì àtijọ́ di òfìfo ná, lẹ́yìn náà ló máa wá kọ tuntun síbẹ̀. Kí ó sọ ọ́ di òfìfo, kóòtà gbà, torí àyè ló ń dá padà. Kí ó wá kọ tuntun, kóòtà ò gbà. Ẹni tó wà lẹ́nu hard lásán ì bá rí àyè kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá padà yẹn lò, àmọ́ ẹni tí root ti gbé kọjá ògiri ò ní rí byte kan lò. Ọmọ yẹn tẹ sèéfù torí ó fẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ má sọnù, ohun tó tẹ̀ yẹn gan-an ló sì gbé e lọ. Ó dùn mí, mi ò lè purọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tó burú ju àyè lọ. Fódà bàbá yẹn, drwx------ ló wà lára ẹ̀, ìyẹn pé ẹni tó ni ín nìkan ló lè wọ ibẹ̀, ẹni tó ni ín lójú kernel láti ọ̀sán Sọ́ńdè sì ni akẹ́kọ̀ọ́ kan. Èsì ìdánwò àwọn ọdún tó ti kọjá wà níbẹ̀, lẹ́tà wà níbẹ̀. Ọmọ yẹn ò mọ̀, kò sì wọ ibẹ̀, àmọ́ ó lè wọ ibẹ̀ ká ní ó mọ̀. Mo pe HOD lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo ṣàlàyé fún wọn láì fi nǹkan kan pamọ́, wọ́n ní ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, ẹ yára tún un ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú sáfà, tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ro pé ọ̀rọ̀ dísíìkì lásán ni.

Àtúnṣe ò gba àsìkò. Mo ṣe àkáǹtì kan tí ẹnikẹ́ni ò lè fi wọlé, orúkọ ẹ̀ ni archive, mo sì gbé gbogbo fáìlì yẹn lé e lọ́wọ́.

useradd -r -M -s /usr/sbin/nologin archive
find /home/archive -xdev -uid 1031 -exec chown -h archive:archive {} +

Mo fi -h síbẹ̀ kí chown má bàa tẹ̀ lé symlink, ìyẹn fáìlì tó kàn ń tọ́ka síbòmíì, lọ sí ibi tí mi ò rán an. Ẹ ò nílò quotacheck lẹ́yìn èyí, bí chown bá ṣe ń lọ ni kernel ń gbé ìṣirò láti ọrùn ẹnì kan sọ́rùn ẹlòmíì. Mo tún wo repquota, pg31 ti padà sí 2411724, àmì ẹ̀ ti di --, ọjọ́ 6 yẹn ti parẹ́. Àkáǹtì archive ò ní ààlà kankan, gbogbo ààlà ẹ̀ ni 0, 0 nínú kóòtà sì túmọ̀ sí pé kò sí ààlà, kì í ṣe pé àyè ò sí. Mo ti rí ẹni tó rò pé òun fi 0 ti ẹnì kan pa, tó jẹ́ pé ṣe ló ṣílẹ̀kùn fún un.

Mo pe àbúrò yẹn padà ní aago mọ́kànlá, ó sèéfù, ó gbà. Ó kù ká wá chapter three. Sáfà àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀, a ò tíì nù ún, kọ́pì ti Fúráìdè wà lórí ẹ̀. Ti Sátidé àti Sọ́ńdè ló sọnù. Mo bi í bóyá ó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ó rántí pé òun fi PDF ránṣẹ́ sí sùpáfáísọ̀ òun lórí WhatsApp ní alẹ́ Sátidé, ó fi wá fún mi, mo fi pdftotext fa ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jáde, ó tún table ẹ̀ tò fúnra ẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè nìkan la ò rí gbà padà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ fún un pé èmi ni mo fà á, ó ní "Kò burú sà, ẹ ti gbìyànjú," àmọ́ mo mọ̀ pé ọjọ́ kan gbáko nínú iṣẹ́ máásítà kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní Wẹ́sìdeè, ẹlòmíì tún pè, ọ̀rọ̀ kan náà, Disk quota exceeded. Mo sáré ṣe find ti Mọ́ńdè yẹn, kò sí fáìlì ẹ̀ kankan níta fódà ẹ̀, 3 GB péré ló ń lò. Tèyí, -+ ni àmì ẹ̀ nínú repquota, + ti bọ́ sí ipò kejì, iye fáìlì ló tán, ó ti pé 50,000. Python environment mẹ́rin àti node_modules méjì ló wà níbẹ̀, fáìlì wọn kéékèèké bí iyanrìn. du --inodes -d1 ló fi ibi tí wọ́n pọ̀ sí hàn kíákíá. Ẹ̀rọ kì í sọ ìyàtọ̀ fún ẹni tó ń lò ó, gbólóhùn kan náà ló fi ń sọ pé àyè tán àti pé iye fáìlì tán, torí náà ẹ máa ka àmì méjèèjì. 50,000 yẹn kéré fún bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣiṣẹ́, èmi ni mo fi ojú àtijọ́ wò ó, mo sì gbé e sókè fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àpẹẹrẹ àkáǹtì kan rèé.

setquota -u ug12 10485760 12582912 80000 100000 /home

Mo rò pé ó ti parí. Lọ́sẹ̀ kejì, kernel tuntun wọlé pẹ̀lú update, sáfà tún ara ẹ̀ tan lóru, láàárọ̀ ni mo rí i nínú ìròyìn tí cron, ètò tó ń ṣiṣẹ́ ní aago tá a dá fún un, máa ń fi ránṣẹ́ sí mi pé kóòtà ò ṣiṣẹ́. Mo fọwọ́ tan án, quotaon ní No such process. Gbólóhùn yẹn máa ń ṣi èèyàn lọ́nà, ẹ máa rò pé dáẹ́mọ̀nù kan ló kú, ẹ máa wá a kiri. Ohun tó ń sọ ni pé kernel yìí ò mọ irú ìwé kóòtà tẹ́ ẹ fún un, torí quota_v2, ìyẹn apá kernel tó ń ka irú ìwé yẹn, ò sí nínú ẹ̀. Lórí àwọn Ubuntu kékeré tí wọ́n ń fún èèyàn lórí VPS, inú linux-modules-extra ni quota_v2 wà, èyí tí mo sì fi síbẹ̀ nígbà tí mò ń ṣètò sáfà, orúkọ kernel ìgbà yẹn pàtó ni mo fi síbẹ̀, ti tuntun ò bá a wá. Mo fi linux-modules-extra-$(uname -r) síbẹ̀, mo ṣe modprobe quota_v2, lẹ́yìn náà mo fi linux-image-extra-virtual síbẹ̀ kó lè máa bá kernel kọ̀ọ̀kan wá fúnra ẹ̀. Tèyí gan-an ló nílò quotacheck ní tòótọ́, torí láti ìgbà tí sáfà ti tan, àwọn èèyàn ti ń kọ tí wọ́n ń pa, kernel ò sì bá wọn kà á, ìwé ti yàtọ̀ sí ohun tó wà nílẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn mo ṣe é níbi tí kò ti wúlò, lọ́jọ́ yìí ó wúlò, kò sì gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ torí aago mẹ́fà àárọ̀ ni, kò tíì sẹ́ni tó wọlé.

Ohun tí mo ti wá yí padà: tí mo bá tún fẹ́ kó sáfà, màá fi useradd -u fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tó ti ní tẹ́lẹ̀, àwọn tó ti lọ pàápàá, màá kàn ti àkáǹtì wọn pa ni kí nọ́ńbà wọn má bàa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì. Màá sì fi --numeric-ids sára rsync. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé find -nouser ì bá ti fi hàn mí, àmọ́ kò lè fi hàn, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà: -nouser ń wá nọ́ńbà tí kò ní ẹni tó ni ín, nọ́ńbà 1031 sì ti rí ẹni tuntun tó ni ín. Èyí ni mo ń ṣe báyìí lẹ́yìn tí mo bá kó ẹrù tán:

for d in /home/*; do u=$(basename "$d"); find "$d" -xdev ! -user "$u" -printf '%u %p\n' | head -3; done

Ó ń wo fódà kọ̀ọ̀kan bóyá fáìlì ẹlòmíì wà níbẹ̀. Á pariwo lórí lost+found pé òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kó pariwo. Mo sì tún wá ọ̀nà tí repquota fi ń fi ẹnikẹ́ni tí iye tó lò bá ju hard ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀, torí ẹni tó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe òun ló gbé ara ẹ̀ débẹ̀.

Ní ti grúùpù náà, mo yẹ̀ ẹ́ wò, GID, ìyẹn nọ́ńbà grúùpù, ní ìṣòro kan náà, àmọ́ a ò lo kóòtà grúùpù, chown tí mo ṣe sì ti gbé e kúrò.

Àbúrò yẹn ti fi chapter three sílẹ̀ fún sùpáfáísọ̀ ẹ̀. HOD ti bá bàbá tó fẹ̀yìn tì sọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ẹrù àwọn ṣì wà lọ́dọ̀ wa, pé àwọn máa rán ọmọ àwọn wá pẹ̀lú hard disk. Mo ti fi tar di í sílẹ̀, 11.4 GB, orúkọ archive ló ṣì wà lórí ẹ̀ títí wọ́n á fi dé.